Ọ̀dá 1977 àti ọ̀dá 2004: èwo ló yí àgógó ẹyẹ padà jù?

Ní erékùṣù Daphne Major, ní Galápagos ti orílẹ̀-èdè Ecuador, ọ̀dá mú irú ẹyẹ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, àbájáde rẹ̀ sì lòdì síra. Ẹyẹ ọ̀hún ni «medium ground finch», ẹyẹ kékeré tó ń jẹ hóró. Peter àti Rosemary Grant, tọkọtaya onímọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí, tí wọ́n ti ń wọn àgógó ẹyẹ níbẹ̀ láti 1973, rí méjèèjì.

Ti 1977, ojú ọjọ́ ló ṣe é. Òjò kọ̀, hóró kéékèèké tán nílẹ̀. Èso ẹlẹ́gùn-ún líle kan, irú dágunró, ló ṣẹ́ kù. Alágógó ńlá a fún un, a là á, a yọ hóró inú rẹ̀ jẹ. Alágógó kékeré a jà á títí, a sì fi í sílẹ̀. Ebi pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ọmọ àwọn tó yè jogún àgógó ńlá.

Ti 2004 ńkọ́? Ọ̀dá náà ni, ṣùgbọ́n àlejò ti wọlé: láti 1982 ni ìbátan wọn kan tó tóbi jù wọ́n lọ ti ń pa ọmọ níbẹ̀. Òun ló jẹ èso ẹlẹ́gùn-ún náà tán. Onílé tó ní àgógó ńlá kò lè bá a du oúnjẹ. Alágógó kékeré, tó ń ṣa wóróbo hóró, ló yè.

Lójú tèmi, ìfigagbága lórí oúnjẹ, bí ti 2004, ló ń ya ẹ̀yà sọ́tọ̀ jù. Ohun tí ọ̀dá nìkan ṣe, òjò lè tú u, torí ó ń dá hóró kéékèèké padà; òjò El Niño (ìgbà tí omi òkun Pàsífíìkì ń gbóná ju ti tẹ́lẹ̀) ti 1983 kúkú ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó ju ogún ọdún lọ tí àlejò àti onílé fi jọ ń jẹun kí ọ̀dá tó dá ìjà sílẹ̀.