Fágúnwà àti Tutùọlá: èwo lẹ ó kọ́kọ́ rà?

Ẹni tó ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, tó wá ṣí The Palm-Wine Drinkard ti Amos Tutùọlá (1952), kò ní pẹ́ mọ̀ pé ìbátan ni wọ́n. Igbó ẹlẹ́bọra, oògùn, ọba ìlú àjèjì, gbogbo rẹ̀ ló pé síbẹ̀.

Ohun tó gbé olú ẹ̀dá ìtàn wọn kúrò nílé ló yàtọ̀. Ọdẹ ni Àkàrà-ògùn ti Fágúnwà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fúnra rẹ̀ wọ igbó náà. Lẹ́yìn náà ni ọba rán òun àti àwọn akọni bíi Kàkó lọ sí Òkè Láńgbòdó. Ọ̀mùtí ni ti Tutùọlá: adẹ́mu rẹ̀, tó ń dá kẹ́ẹ̀gì 150 láàárọ̀ àti 75 nírọ̀lẹ́, já láti orí ọ̀pẹ, ó kú, ọ̀gá rẹ̀ sì wá a lọ sí ìlú àwọn òkú.

Yorùbá Fágúnwà dùn dé eegun. Láti orí ìlù ògìdìgbó tó fi ṣíde, òwe ń gorí òwe. Ó máa ń wàásù o. Apá tó sọ̀rọ̀ nípa ilé Ìrágbèje, ọlọgbọ́n Òkè Láńgbòdó, á gùn lójú ẹni tó ń kánjú, àmọ́ ẹ má fò ó, torí ibẹ̀ ni ọgbọ́n tí wọ́n torí rẹ̀ rìn wà. Tutùọlá kì í dúró wàásù bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kì í ṣe ti ilé ìwé, ìró Yorùbá ló ń dún nínú rẹ̀. Ẹ má rà á fún ọmọ tó ń múra ìdánwò gírámà.

Tó bá jẹ́ ti Fágúnwà, ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Ẹ ṣí ojú ewé mélòó kan láàárín: bí àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ bá ti parẹ́, ẹ dá a padà, kíkà rẹ̀ á sú yín. Ẹ yẹ nọ́ńbà ojú ewé wò bóyá ó fò. Ṣùgbọ́n “nwọn”, “aiye” àti “enia” kì í ṣe àṣìṣe. Àkọtọ́ àtijọ́ ni.

Ẹni tó lè ka Yorùbá, Fágúnwà ni kó kọ́kọ́ rà. Ẹni tí kò lè kà á, ìtumọ̀ Wọlé Ṣóyínká wà, The Forest of a Thousand Daemons (1968). Ní Amẹ́ríkà, Grove Press ti tẹ ìwé Tutùọlá pọ̀ mọ́ My Life in the Bush of Ghosts, ìwé méjì nínú ìdì kan. Ìyẹn ló san jù. Fún ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí The Palm-Wine Drinkard ti sọ̀rọ̀ arẹwà ọkùnrin tó ń dá ẹ̀yà ara tó yá padà títí ó fi ku agbárí nìkan. Àlọ́ ilé ni, kò ní ṣòro fún un.