Àkọ̀ awọ fún ọ̀bẹ àpò: ti awọ bàtà, ti awọ ewúrẹ́ àti ti awọ màlúù tó nípọn

Ọ̀bẹ àpò, èyí tó ń ṣẹ́ po sínú èèkù ara rẹ̀, kì í béèrè ohun tí àdá ń béèrè lọ́wọ́ àkọ̀. Ojú rẹ̀ ti sápamọ́, kò lè gé òwú tí wọ́n fi rán àkọ̀. Ohun tí àkọ̀ rẹ̀ wà fún ni kó má jábọ́ lórí ọ̀kadà, kó sì jáde nígbà tí ẹ bá fi ọwọ́ kan fà á. Nítorí náà, bí ọlọ́jà bá ní kẹ́ ẹ san owó lé e torí pé òun fi ọ̀já awọ sáàárín kí ọ̀bẹ má baà gé òwú, ẹ má san án. Ọ̀bẹ tí kì í ṣẹ́ ló nílò ìyẹn.

Bí ẹ bá wọ Sábó Ṣàgámù tàbí ọ̀dọ̀ oníbàtà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ kọ́kọ́ wo etí awọ níbi tí wọ́n ti gé e, kẹ́ ẹ tó wo ọnà ara rẹ̀. Bí àárín rẹ̀ bá ní àwọ̀ eérú tó fẹ́ jọ búlúù, kẹ́míkà kírómù ni wọ́n fi ṣe é. Irú rẹ̀ ló pọ̀ jù lára bàtà àti báàgì. Bó bá pọ́n bí igi láti òkè dé ìsàlẹ̀, èèpo tàbí èso igi ni wọ́n fi ṣe é, irú èso bàgàrúwà tí àwọn aláwọ Kánò ń lò. Awọ kírómù rọ̀, omi kì í tètè bà á jẹ́, ó sì dínwó. Àmọ́ kì í gba àwòrán ọ̀bẹ: bí ẹ ti wù kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ tó, á padà sí bó ṣe wà, ẹnu rẹ̀ á sì máa fẹ̀ sí i.

Awọ ewúrẹ́ tí wọ́n fi bàgàrúwà ṣe lẹ́wà púpọ̀. Irú awọ yìí láti ilẹ̀ Hausa ló gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé Yúróòpù láyé àtijọ́, tí wọ́n ń pè é ní awọ Mòrókò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́, kì í sábà ju mìlímítà 1 lọ. Ó dáa fún àpò ṣòkòtò. Lára bẹ́líìtì, kò ní pẹ́ rọ̀ jọwọlọ, àyàfi tí wọ́n bá fi awọ mìíràn tẹ́ inú rẹ̀.

Èyí tí a máa ń sọ pé kí ẹni tó ń lọ sóko lójoojúmọ́ rà ni awọ màlúù oníbàgàrúwà, mìlímítà 2.5 sí 3. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ló ṣeé fi omi mọ dáadáa jù. Lẹ́yìn tí wọ́n bá rán an tán, wọ́n á rì í sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ títí tí ìfófòó rẹ̀ á fi dín kù, wọ́n á fi náílọ́ọ̀nù wé ọ̀bẹ, wọ́n á tì í wọlé, wọ́n á sì fi ìka tẹ awọ náà títí àwòrán èèkù á fi yọ síta. Abẹ́ ìbòòji ni yóò ti gbẹ, fún wákàtí 24. Lásìkò òjò, ó lè gbà tó ọjọ́ méjì. Oníṣẹ́ tó bá ń kánjú tó sá a sóòrùn, awọ rẹ̀ á le gbagidi, á sì máa là níbi tó ti ká.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe jù ni ìwọ̀n. Ká ní ọ̀bẹ yín fẹ̀ ní 3.5 cm, ó sì nípọn ní 1.5 cm nígbà tí ẹ ṣẹ́ ẹ po. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, ó di 5 cm. Ẹ fi mìlímítà 6 kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ibi tí òwú máa gbà: 6.2 cm ni ìbú awọ iwájú, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀yìn. Oníṣẹ́ tó bá fi ọ̀bẹ lé awọ tó kàn fa ìlà yí i ká ti gbàgbé pé ọ̀bẹ nípọn. Ẹ mú ọ̀bẹ yín dání lọ. Ẹ má fẹnu júwe rẹ̀.

Ìrán wá ńkọ́? Ẹ̀rọ máa ń lo òwú méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, tí wọ́n kọ́ ara wọn láàárín awọ. Bí ọ̀kan bá já, ìyókù lè máa tú bí ẹnu àpò gàrí. Ìrán ọwọ́ gidi ń lo òwú kan pẹ̀lú abẹ́rẹ́ méjì, tí méjèèjì ń gba inú ihò kan náà lọ́tùn-ún lósì. Ojú kan lè já kí ìyókù má mira. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rán gàárì, ẹni tó bá sì ti wo àwọn ẹlẹ́ṣin lọ́jọ́ Ojúde Ọba mọ̀ pé gàárì kò gbọdọ̀ tú. Ihò kan sí èkejì, mìlímítà 3 sí 4. Bí ihò bá fún mọ́ra jù, awọ á ya tẹ̀ lé wọn bí ìwé rìsíìtì. Òwú tí wọ́n fi ìda oyin pa ni kẹ́ ẹ béèrè.

Ti ìdérí: bọ́tìnì onírin dáa, bí wọ́n bá fi awọ bo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọn ò bá bò ó, irin náà á máa ha èèkù. Àkọ̀ tí wọ́n fi omi mọ dáadáa lè dúró láìní ìdérí. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ kẹ́ ẹ mì í lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ọ̀bẹ bá bọ́, ẹ dá àkọ̀ náà padà fún oníṣẹ́.

Bó bá jẹ́ pé èyí tó dínwó lẹ ti rà, ó ṣì ṣeé tún ṣe. Igun méjèèjì ẹnu rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ tú, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ rán ojú mẹ́ta mẹ́ta lé wọn. Ẹ lu ihò kékeré sísàlẹ̀ kí omi lè jáde. Ẹ fi ìda oyin ra etí rẹ̀. Òróró ìsebẹ̀ kọ́ o: á kan, eku á sì wá a wá.

Lásìkò òjò, ẹ má fi ọ̀bẹ sùn nínú àkọ̀ kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Awọ ń mu omi pa mọ́ra. Irin á dógùn-ún, bàgàrúwà á sì sọ ibi tí irin ti kàn án di dúdú. Ẹ yọ ọ́, ẹ nù ún, kẹ́ ẹ gbé àkọ̀ kọ́ síbi tí atẹ́gùn ń gbà, kí èébu má baà bò ó.