Kóòtù Yìnyín Òkè-Ajé: Ẹ Ra Aṣọ, Ẹ Fi Bàtà Sílẹ̀

Ìsọ̀ òkìríkà kan wà nínú ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde tó jẹ́ pé aṣọ òtútù nìkan ló ń tà. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tó ń lọ kàwé ní Rọ́ṣíà wà lára oníbàárà rẹ̀, débi pé kí ìyá tó ni ìsọ̀ náà tó nawọ́ sí kóòtù kankan, á ti béèrè pé: "Ìlú wo ni ní Rọ́ṣíà, ọmọ mi?" Ìbéèrè náà dáa. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ìlú yòówù kí wọ́n dárúkọ, kóòtù kan náà ló máa fà jáde.

Rọ́ṣíà tóbi ju kí kóòtù kan kárí rẹ̀ lọ. Ní oṣù kìíní, ìpíndọ́gba ojú ọjọ́ ní Moscow máa ń wà ní nǹkan bíi -6 tàbí -7 lórí ìwọ̀n Celsius. Kazan ń lọ sí -10, Novosibirsk ní Siberia ń lọ sí -16, Yakutsk sì ń sún mọ́ -40. Ní Krasnodar lápá gúúsù, odo ni ojú ọjọ́ ń rìn yí ká, òjò àti ẹrẹ̀ sì lè dààmú èèyàn níbẹ̀ ju yìnyín lọ. Ẹni tó bá gbé kóòtù Krasnodar lọ sí Yakutsk ti fi ara rẹ̀ wewu. Ẹni tó bá gbé ti Yakutsk lọ sí Krasnodar, òógùn ni yóò fi wẹ̀.

Àmọ́ oṣù kìíní kọ́ ló ń kọ́kọ́ mú àlejò. Ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ni ilé ẹ̀kọ́ ń wọlé. Oòrùn díẹ̀ lè yọ láàárín oṣù náà, ìgbà kúkúrú tí wọ́n ń pè ní bábye léto, lẹ́yìn náà ni òjò àti ẹrẹ̀ á gba òde. Ní ìlú ńláńlá ibẹ̀, ibùdó ńláńlá ni wọ́n ti ń se omi tó ń mú inú ọ̀pọ̀ ilé gbóná. Ó ń gba inú páìpù wá sínú irin tó wà lábẹ́ fèrèsé yàrá. Wọn kì í ṣí omi yìí àfi bí ìpíndọ́gba ojúmọ́ bá ti wà nísàlẹ̀ +8 fún ọjọ́ márùn-ún léra wọn. Kí ọjọ́ márùn-ún yẹn tó pé, inú yàrá á tutù rinrin, kò sì sí ẹni tó lè ṣí i fúnra rẹ̀. Aṣọ ìgbà yìí ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rà: súwẹ́tà irun àgùntàn méjì àti jákẹ́ẹ̀tì òjò tó ní ìborí. Ìsọ̀ náà ní wọn, ọjà gidi sì ni wọ́n, ṣùgbọ́n òkìtì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n kó wọn sí, wọn kì í sì í polówó wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ẹ tú u dé ìsàlẹ̀.

Bí wọ́n bá ti ṣí omi gbígbóná náà, ọ̀rọ̀ á tún yí padà. Òde á wà ní -10, inú ilé á ju +20 lọ. Nítorí náà, kóòtù kan tó nípọn pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lábẹ́ rẹ̀ kò bọ́gbọ́n mu. Ìpele mẹ́ta ni: aṣọ àwọ̀sára tín-ín-rín tó jẹ́ pólíẹ́sítà tàbí irun àgùntàn, súwẹ́tà lé e, kóòtù tí atẹ́gùn kò lè gbà kọjá lé gbogbo rẹ̀. Síńgílẹ́ẹ̀tì òwú tí a mọ̀ ní ilé máa ń mu òógùn, kì í tètè gbẹ. Bí wọ́n bá jáde láti inú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tó gbóná, omi yẹn ló máa tutù mọ́ wọn lẹ́yìn.

Ẹ wo ọrùn kóòtù dáadáa. Ní yunifásítì, ilé ìwòsàn àti gbọ̀ngàn eré, ibi ìfaṣọkọ́ tí wọ́n ń pè ní garderob ni wọ́n ti ń gba kóòtù lọ́wọ́ èèyàn. Bí kóòtù kò bá ní okùn kékeré tí wọ́n ń fi kọ́ ọ, ìyá àgbà tó ń gba aṣọ níbẹ̀ á kùn sí wọn létí. Púpọ̀ nínú ti Òkè-Ajé, okùn yìí ti já. Kí télọ̀ fi ríbọ́ọ̀nù tó lágbára gán an níbi méjì.

Nínú kóòtù fúnra rẹ̀, ohun tí wọ́n tì sáàárín aṣọ òkè àti aṣọ inú ni kí ẹ sanwó lé lórí. Ìwúwo ń tanni jẹ. Kóòtù kan lè wúwo bí àpò ìrẹsì kí atẹ́gùn sì máa gba inú rẹ̀ kọjá bí ajere. Ìyẹ́ múlọ́múlọ́ àyà pẹ́pẹ́yẹ ló fúyẹ́ jù, òun náà ló gbóná jù, nítorí afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ ló ń dènà òtútù. Bó bá rin, ìyẹ́ á lẹ̀ pọ̀, afẹ́fẹ́ á jáde, iṣẹ́ bùṣe. Òwú pólíẹ́sítà kò gbóná tó ìyẹ́, ṣùgbọ́n ó ń gba òjò mọ́ra. Òun la ó mú fún St Petersburg tí yìnyín ti ń rọ̀ tó sì ń yọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá rí 80/20 lára lébẹ́ẹ̀lì, ìyẹ́ múlọ́múlọ́ ni 80, ìyẹ́ tó ní igi líle láàárín ni 20. Ó dáa.

Ẹ di apá kóòtù náà mú nínú ìkúùkù, kí ẹ tú u sílẹ̀. Bí kò bá wú padà ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ìyẹ́ rẹ̀ ti kú. Ẹ gbé e síwájú oòrùn: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti là kọjá ti ṣófo. Ẹ gbóòórùn inú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí béèlì tó ti fa ọ̀rinrin máa ń bu inú kóòtù tí ara rẹ̀ ṣì ń dán. Kó gùn dé àárín itan ó kéré tán, kó sì fẹ̀ ju ara lọ ní sáìsì kan, kí súwẹ́tà lè ráyè.

Fífọ̀ rẹ̀ gba sùúrù. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ olómi díẹ̀, kò gbọdọ̀ sí bílíìṣì. Ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, ẹ fọwọ́ tẹ omi rẹ̀ jáde, ẹ má fún un. Sísá rẹ̀ lè gba ọjọ́ mẹ́ta: bí ẹ ṣe ń yí èlùbọ́ padà ni kí ẹ máa yí i, kí ẹ sì máa fọwọ́ tú ìyẹ́ tó bá ṣù. Bí ẹ bá rà á ní oṣù kẹsàn-án tí òjò Ìjẹ̀bú ń rọ̀ lójoojúmọ́, á bu kó tó gbẹ. Ìgbà ọyẹ́ ni kí ẹ ra aṣọ yìnyín.

Fìlà wọn ló wù wá jù. Ushanka, fìlà onírun Rọ́ṣíà, ẹ̀gbọ́n abetí ajá ni. Orúkọ rẹ̀ gan-an, etí ló ti wá. Bí òtútù bá mọ níwọ̀n, wọ́n á so etí rẹ̀ méjèèjì sórí. Bó bá le, wọ́n á já a sílẹ̀, wọ́n á so ó sábẹ́ àgbọ̀n. Ní ti ìbọ̀wọ́, èyí tí ìka mẹ́rin jọ ń gbé inú àpò kan gbóná ju èyí tó ya ìka sọ́tọ̀ lọ.

Bàtà ìsọ̀ náà ni a ò fọwọ́ sí. Ìsàlẹ̀ púpọ̀ nínú wọn jẹ́ fóòmù polyurethane. Ooru àti ọ̀rinrin máa ń jẹ fóòmù yìí láti inú, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá wọ̀ ọ́. Á rí bíi tuntun lórí àtẹ, á sì máa rún bí àkàrà gbígbẹ lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àwọn mìíràn, rọ́bà wọn máa ń le gan-an nínú òtútù, wọ́n á wá máa yọ̀ lórí yìnyín bí ọṣẹ. Ẹni tó bá ti rà á, kó gbé e sínú fíríìsà oníẹja mọ́jú. Nǹkan bíi -18 ni fíríìsà tó dáa ń dé, òtútù Novosibirsk nìyẹn. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò bá ṣeé ká lówùúrọ̀, ẹ má gbé e lọ. Síìpù kóòtù náà ṣeé dán wò bẹ́ẹ̀.

Kí wọ́n di owó bàtà náà pamọ́, kí wọ́n rà á ní Rọ́ṣíà kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀. Ní Moscow, ọjà Sadovod tó wà létí MKAD, títì ńlá tó yí ìlú náà ká, ní i lóríṣiríṣi. Kó fẹ̀ ju ẹsẹ̀ lọ díẹ̀ nítorí ìbọ̀sẹ̀ nínípọn, torí bàtà tó há ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà, ìka á sì tutù. Valenki, bàtà irun àgùntàn tí wọ́n lù pọ̀, yìnyín gbígbẹ ló dáa fún. Nínú ẹrẹ̀ oṣù kẹta, á mu omi bí kànrìnkàn. Wọ́n ń da kẹ́míkà sí títì Moscow kí yìnyín lè yọ́, ó sì ń jẹ awọ, nítorí náà kí wọ́n máa fi àkísà tútù nu bàtà lálaalẹ́.

A ò kọ iye owó nítorí béèlì sí béèlì ló ń yí padà, ìnájà sì wà. Wọn kì í gba ọjà padà. Inú ìsọ̀ náà ṣókùnkùn, kò sí dígí, ẹ gbé kóòtù jáde síta kí ẹ tó sanwó. Ìyá náà kò ní bínú, ṣùgbọ́n á ní kí ọmọ kan tẹ̀ lé yín.