Wi-Fi àbí SIM: èwo ló yẹ kó máa gbé ooru ilé adìyẹ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Tí Wi-Fi bá ti wà níbi tẹ́ ẹ fẹ́ gbé ẹ̀rọ náà sí, ESP8266, ìyẹn pátákó kọ̀ǹpútà kékeré kan, ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Wi-Fi ti wà nínú ẹ̀, ẹ kàn máa so DHT22, ẹ̀rọ tó ń wọn ooru àti ọ̀rinrin, mọ́ ọn, á ka méjèèjì, á jù wọ́n sórí ThingSpeak, ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń tọ́jú irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, ó parí. Àmọ́ ìgbì Wi-Fi 2.4 GHz nìkan ni ESP8266 gbọ́ o, tí ráútà yín bá wà lórí 5 GHz, ẹ máa pè é títí ni.

Oko tó wà lẹ́yìn ìlú ńkọ́? Ibẹ̀ ni Arduino Uno (pátákó kọ̀ǹpútà kékeré míì, tí kò ní Wi-Fi) pẹ̀lú SIM800L (ẹ̀rọ tó ń fi SIM gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì bíi fóònù) ti wúlò, ẹ ki SIM bọ̀ ọ́, dátà táṣẹ́rẹ́ ti tó o torí nọ́ńbà méjì péré ló ń fi ránṣẹ́. Wàhálà SIM800L ni iná: 3.4 sí 4.4V ló ń jẹ, tó bá sì fẹ́ bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀ ó lè fa tó 2A lẹ́ẹ̀kan náà, Uno ò lágbára yẹn, ló fi máa ń kú tó tún ń jí, táwọn kan á wá ní SIM ló bàjẹ́, irọ́ ni jàre. Bátìrì 18650 kan tó lágbára máa yanjú ẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì 2G àtijọ́ nìkan ni SIM800L sì mọ̀, ilẹ̀ bíi Jàpáàn tí wọ́n ti pa 2G, kò wúlò níbẹ̀ rárá.

Owó ESP8266 kéré sí ti Uno àti SIM800L lápapọ̀, ìyẹn ni mo ṣe máa ń ní kéèyàn kọ́kọ́ wò ó bóyá Wi-Fi ilé lè dé ilé adìyẹ.