Division I tàbí Division III: níbo ni kí ọmọ ti gbá bọ́ọ̀lù?

Ní Amẹ́ríkà, ìpele ni wọ́n pín bọ́ọ̀lù yunifásítì sí: Division I ló ga jù, Division III ló wà nísàlẹ̀. Orúkọ Division I ló máa ń wọ òbí lójú. Òótọ́ ni, ibẹ̀ lowó bọ́ọ̀lù wà. Ṣùgbọ́n títí di 2025, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 9.9 péré ni ẹgbẹ́ ọkùnrin kan ní, kóòṣì á sì fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́: ẹnìkan á gba ìdajì, ẹlòmíràn owó ìwé lásán.

Division III kì í sanwó torí bọ́ọ̀lù rárá. Ìwé ọmọ àti àpò òbí ni wọ́n ń wò, nítorí náà ọmọ tó mọ̀wé lè san owó tó kéré jù níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù wọn kì í sì í ṣe eré ọmọdé o: Yunifásítì Messiah ní Pennsylvania ti gba ife ọkùnrin Division III ju ìgbà 10 lọ.

Èmi ò ní fi ọmọ mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì nítorí orúkọ. Ẹ bi kóòṣì: "Ẹni mélòó ló wà ní ipò ọmọ mi, ìgbà wo ni wọ́n máa jáde?"