Chromebook àbí iPad: èwo ni kí ẹ rà fún ọmọ iléèwé?

Olùkọ́ iléèwé ìjọba ni mí. Chromebook ni kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ń lo ètò Google, kíbọ́ọ̀dù wà lára rẹ̀; iPad ni tábúlẹ́ẹ̀tì Apple, ojú rẹ̀ ni wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀. Méjèèjì ni mo ti fi kọ́ ọmọ, méjèèjì ló sì ti bí mi nínú rí.

Ọmọ tó ti ń kọ àròkọ, Chromebook ni kí ẹ rà fún un. Ọmọbìnrin kan fi iPad kọ àròkọ ní kíláàsì mi. Bó bá ti fọwọ́ kan ojú iPad náà báyìí, kíbọ́ọ̀dù á yọ, á bo bí ìdajì rẹ̀. Ìlà mélòó kan péré ló ń rí nínú ohun tó ti kọ, ló bá kọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀. Mo gbé Chromebook fún un. Ó ka iṣẹ́ rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ pa ìpínrọ̀ kan rẹ́. Lóòótọ́, kíbọ́ọ̀dù iPad wà lọ́jà, àmọ́ owó ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ rò ó mọ́ ọn kí ẹ tó sọ pé èyí wọ́n ju tọ̀hún lọ.

Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà ńkọ́? iPad ló bá a mu. Á fi ìka yàwòrán, á gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń kàwé, á sì tún un gbọ́. Bó bá rí kòkòrò nílẹ̀, á ya fọ́tò rẹ̀. Kámẹ́rà ọ̀pọ̀ Chromebook, ojú ẹni tó ń lò ó ló kọ sí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ya kòkòrò, àfi kó dojú ẹ̀rọ délẹ̀.

Wọ́n ní Chromebook ò wúlò láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Irọ́ ni. Google Docs, ètò tí wọ́n fi ń kọ̀wé lórí rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bí ẹ bá ti tò ó sílẹ̀ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí kì í wò ni ọjọ́ orí. Gbogbo Chromebook ló ní ọjọ́ tí Google ò ní fi àtúnṣe ètò inú rẹ̀ (update) ránṣẹ́ sí i mọ́. Ní 2023, Google kéde pé ọdún 10 ni ti àwọn tó jáde láti 2021. Ṣùgbọ́n ìgbà tí irú ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ jáde ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rà á. Tuntun tó wà nínú páálí lè ti jẹ ọdún mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wá “About ChromeOS”, ẹ ó rí ọjọ́ náà níbẹ̀. iPad ò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Bí iPadOS, ètò tó ń darí iPad, tuntun bá ti ń jáde ni Apple ń dárúkọ àwọn tó lè gbà á.

Àlòkù lẹ fẹ́ rà? Mo ti ra Chromebook kan rí tó jẹ́ ti iléèwé kan tẹ́lẹ̀. Mo pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́, mo tàn án, orúkọ iléèwé ọ̀hún ló tún yọ lójú rẹ̀, kò sì jẹ́ kí n wọlé. Ti iPad náà rí bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ò bá tíì yọ àkáǹtì Apple rẹ̀ kúrò. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ lójú yín, kó tàn án, kí ẹ fi àkáǹtì tiyín wọlé. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó kówó sílẹ̀.