Máìkì Wo Ni Kí Ẹ Rà fún Iṣẹ́ ASMR Nínú Ilé? Ìfiwéra Ọ̀nà Mẹ́rin

Iṣẹ́ ASMR, ìyẹn gbígba ìró kéékèèké tó ń tu olùgbọ́ lára, kò jọ iṣẹ́ orin, kò sì jọ ètò ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Akọrin máa ń gbóhùn sókè sí máìkì, atọ́kùn ètò máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jókòó ti àlejò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe ASMR ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ń fi òòyà ya irun díẹ̀díẹ̀, ó ń da ẹ̀wà sínú igbá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi èékánná ha páálí. Ìró wọ̀nyí kéré débi pé a gbọ́dọ̀ gbé agbára máìkì sókè gan-an kí olùgbọ́ tó lè gbọ́ wọn, bí a bá sì ti gbé e sókè, gbogbo ohun mìíràn tó ń dún nínú yàrá àti nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ yóò bá wọn gòkè. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ kọ́kọ́ béèrè kì í ṣe ti iye owó tàbí ti orúkọ ilé iṣẹ́. Ohun tó yẹ kó béèrè ni pé: ariwo wo ni máìkì yìí ń pa fúnra rẹ̀ nígbà tí ohunkóhun kò dún níwájú rẹ̀?

Ìdáhùn rẹ̀ kò pamọ́. Àwọn tó ń ṣe máìkì gidi máa ń kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀rọ wọn ní dBA, ìyẹn ìwọ̀n bí ìró ṣe pariwo tó sí etí èèyàn, bí nọ́ńbà náà bá sì ṣe kéré tó ni máìkì náà ṣe dákẹ́ tó. Rode NT1-A, tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà, wà ní 5 dBA. NT1 ìran karùn-ún láti ilé iṣẹ́ kan náà wà ní 4 dBA. Audio-Technica AT4040 wà ní 12 dBA. AT2020, tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, wà ní 20 dBA. Bí ìró bá fi nǹkan bí 10 dB ju òmíràn lọ, etí èèyàn máa ń gbọ́ ọ bí ẹni pé ó di ìlọ́po méjì, nítorí náà àlàfo tó wà láàárín 5 àti 20 kì í ṣe kékeré rárá. Fún ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ yìí jẹun, n kò ní gbà á nímọ̀ràn láti ra máìkì tó kọjá nǹkan bí 16 dBA, àyàfi bí ó bá ní ìdí pàtàkì mìíràn.

Kí a tó dé orí máìkì: yàrá

Yàrá ìsùn tó dákẹ́ dáadáa lóru sábà máa ń wà ní nǹkan bí 30 dBA. Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń dún, tàbí tí fáànù ń yí lókè, yóò kọjá bẹ́ẹ̀ lọ jìnnà, máìkì 4 dBA kò sì ní lè ṣe ohunkóhun sí i. Ńṣe ni yóò kàn gba ariwo náà sílẹ̀ kedere. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn, Èkó àti Abẹ́òkúta ló ń lo fèrèsé onílúfà, awẹ́ gíláàsì wọ̀nyẹn kì í sì í pa dé tán, kódà nígbà tí a bá tì wọ́n. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, owó tí ẹ bá fi dí àlàfo fèrèsé àti abẹ́ ilẹ̀kùn yóò ṣe ohùn yín láǹfààní ju owó tí ẹ fi kún iye máìkì lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ra fóòmù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri pẹ̀lú ìrètí pé yóò dá ariwo ìta dúró. Iṣẹ́ fóòmù ni láti gba ohùn tí ì bá ta padà lára ògiri nínú yàrá, kí ohùn yín má baà dún bí ohùn inú kòtò. Ohun tó ń dá ariwo ìta dúró ni ìwúwo: ògiri tó nípọn, ilẹ̀kùn pákó gidi, àti àlàfo tí a dí pa. Ní ti ìró tó ń ta padà, ohun tó ti wà nílé yín lè tó: kọ́tìnì tó wúwo, kápẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀dì, àti kọ́bọ́ọ̀dù tó kún fún aṣọ tí ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn yín. Aago kan òru sí aago mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ àdúgbò wa máa ń dákẹ́ jù, kí ìpè àdúrà àti ọkọ̀ òwúrọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Bí òrùlé yín bá sì jẹ́ páànù láìsí àjà tó dára lábẹ́ rẹ̀, ẹ má ṣètò ìfihàn sí ọjọ́ tí òjò ṣú.

Máìkì USB: Blue Yeti àti NT1 ìran karùn-ún

Okùn kan ṣoṣo ni ẹ nílò láti so máìkì USB mọ́ kọ̀ǹpútà, ìdí sì nìyẹn tí púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe ASMR fi gba ibẹ̀ wọlé. Blue Yeti ní ojú ìgbohùn mẹ́ta nínú, ó sì lè gba ohùn ní ọ̀nà mẹ́rin, tí sítẹ́ríò jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Sítẹ́ríò yìí ni ẹwà rẹ̀ fún iṣẹ́ wa, nítorí pé olùgbọ́ yóò mọ̀ bí ìró bá ń ti ọ̀tún bọ̀ sí òsì. Àléébù rẹ̀ ni pé nígbà tí ẹ bá gbé agbára rẹ̀ sókè fún ìró kéékèèké, ẹ ó máa gbọ́ ìró ṣùùù lábẹ́ ohùn yín, 16-bit ní 48 kHz (ìwọ̀n bí ẹ̀rọ ṣe ń kọ ohùn sílẹ̀ fínnífínní tó) sì ni ó ń gbà mọ.

NT1 ìran karùn-ún ní ihò USB-C àti XLR (ihò okùn máìkì ilé ìgbohùn) pọ̀ lára ẹ̀rọ kan. Ó dákẹ́ gidigidi, bí ẹ bá sì so ó mọ́ USB, ó lè gba ohùn ní 32-bit float, èyí tó túmọ̀ sí pé ìró òjijì kò ní ba gbígbà yín jẹ́. Ṣùgbọ́n etí kan ṣoṣo ló ní. Bí ẹ bá gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, Yeti ní ọ̀tún àti òsì ṣùgbọ́n kò dákẹ́. NT1 dákẹ́ ṣùgbọ́n ojú kan ni ohùn rẹ̀ ń gbà jáde. Ẹni tó jẹ́ pé ìtàn ló ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún àwọn tó fẹ́ sùn, kí ó ra NT1 láìwo ẹ̀yìn. Ẹni tó fẹ́ máa ti etí kan lọ sí èkejì, kí ó fara da Yeti títí owó yóò fi tó fún ohun tó tẹ̀ lé e.

Ohun kan wà tí àwọn olùtajà kì í sábà sọ: okùn USB 2.0 kò gbọ́dọ̀ ju mítà márùn-ún lọ, nítorí náà kọ̀ǹpútà yóò wà nítòsí máìkì, fáànù inú rẹ̀ yóò sì máa wọlé sínú ohùn. Kọ̀ǹpútà tí kò ní fáànù, bíi MacBook Air M1 ti ọdún 2020, yanjú èyí. Okùn XLR ní tirẹ̀ lè gùn lọ sí yàrá kejì láìsí wàhálà.

Máìkì méjì pẹ̀lú audio interface

Níbí, NT1-A méjì tàbí NT1 méjì ni ẹ ó gbé kalẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tí ẹ ó sì so wọ́n mọ́ audio interface, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn máìkì wọ kọ̀ǹpútà, bíi Focusrite Scarlett 2i2. Ẹ ṣọ́ra kí olùtajà má fún yín ní Scarlett Solo nítorí pé ó dín owó: máìkì kan ṣoṣo ni Solo ń gbà. 2i2 ìran kẹrin lè gbé ohùn sókè tó 69 dB, ó sì ń fún máìkì ní iná 48V tí irú máìkì yìí nílò láti ṣiṣẹ́.

Nínú gbogbo ọ̀nà tí mo ń fi wéra, èyí ló dákẹ́ jù. Ìró aṣọ òkè tí a ń tẹ́ sílẹ̀, tàbí ti ewé tí a ń fi ọwọ́ ya, yóò jáde láti inú ìdákẹ́jẹ́ gidi. Ohun tó sọnù ni ìrísí orí èèyàn. Ọ̀tún àti òsì yóò hàn, ṣùgbọ́n iwájú, ẹ̀yìn àti òkè kò ní yàtọ̀ síra, olùgbọ́ kò sì ní ní ìmọ̀lára pé ẹnì kan ń fọwọ́ kan etí òun. Ó tún gba àyè púpọ̀: ọ̀pá ìdúró méjì, okùn méjì, àti tábìlì tí kì í mì.

Ẹ má ra Shure SM7B fún iṣẹ́ yìí nítorí pé ẹ rí i níwájú àwọn gbajúmọ̀. Máìkì tó dára ni fún ohùn tó lágbára, ṣùgbọ́n agbára tó ń gbé jáde kéré tó bẹ́ẹ̀ tó fi nílò nǹkan bí 60 dB kí ọ̀rọ̀ lásán tó ṣeé gbọ́. Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yóò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Máìkì elétí méjì: 3Dio, pẹ̀lú Neumann KU 100

Ìró tó ti apá ọ̀tún wá máa ń kọ́kọ́ dé etí ọ̀tún, yóò sì dé etí òsì lẹ́yìn àkókò tí kì í ju nǹkan bí 0.7 mílísẹ́kọ́ńdì lọ. Ìgun àti ihò tó wà lára etí tún máa ń yí ìró náà padà, ọpọlọ sì ń fi èyí mọ̀ bóyá iwájú ni tàbí ẹ̀yìn. Máìkì elétí méjì ń ṣe àfarawé èyí: wọ́n mọ etí sílíkónì méjì, wọ́n fi àyè tó jọ ìbú orí èèyàn sáàárín wọn, wọ́n sì fi máìkì kékeré sínú ihò etí kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí olùgbọ́ bá fi hẹ́dífóònù gbọ́ ọ, etí tirẹ̀ gan-an ni ìró náà yóò dà bí ẹni pé ó ń kàn. Kò sí ọ̀nà mìíràn nínú ìfiwéra yìí tó lè ṣe èyí.

3Dio Free Space ni èyí tí ọ̀pọ̀ ń rà. Ihò 3.5 mm ló fi ń gbé ohùn jáde, bátìrì 9V sì ló ń lò. Oríṣi rẹ̀ tó jẹ́ XLR lè lo bátìrì yìí tàbí iná 48V láti ara interface. Ẹ fiyè sí ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ oníbàárà lọ́nà: Free Space Pro II, tó wọ́n ju ìyẹn lọ dáadáa, ń lo máìkì DPA 4060, tí ariwo inú rẹ̀ jẹ́ 23 dBA, nígbà tí Primo EM172 tó wà nínú Free Space lásán jẹ́ 14 dBA. Èyí tó dín owó ló dákẹ́ jù. DPA máa ń gba ìró tó lágbára láìbàjẹ́, ó sì dára fún orin, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹni tó ń fi owú nu etí sílíkónì fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Mo ka èyí sí ohun tó ṣe pàtàkì jù fún ẹnikẹ́ni tó ti ń kó owó jọ fún Pro.

Ẹ má ki okùn 3.5 mm rẹ̀ bọ ihò máìkì kọ̀ǹpútà alágbèéká. Púpọ̀ nínú àwọn ihò yẹn ń gba mónò (ohùn ojú kan ṣoṣo), ariwo wọn sì pọ̀, nítorí náà gbogbo owó tí ẹ ná lórí etí méjì yóò ṣòfò níbẹ̀. Ẹ lo ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tó ní ihò sítẹ́ríò, tàbí kí ẹ ra èyí tó jẹ́ XLR kí ẹ sì so ó mọ́ 2i2.

Neumann KU 100 láti Jámánì ní odindi orí, kì í ṣe etí nìkan, ariwo inú rẹ̀ sì jẹ́ 16 dBA. Ohùn rẹ̀ dára púpọ̀. Owó rẹ̀ lè ra Free Space tó ju mẹ́wàá lọ, n kò sì rò pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nílò rẹ̀.

Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ alágbèéká

Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tí iná mànàmáná kò dá lójú. Tascam DR-05X ń lo bátìrì AA méjì, ó ní máìkì sítẹ́ríò tirẹ̀ àti ihò 3.5 mm tí Free Space lè wọ̀, ó sì tún lè ṣiṣẹ́ bí interface USB nígbà ìfihàn ojú-ẹsẹ̀. Zoom F3 ga jù ú lọ: ihò XLR méjì, iná 48V, 32-bit float láìsí bọ́tìnì agbára kankan láti yí, lórí bátìrì AA méjì kan náà. Pẹ̀lú F3 àti NT1-A méjì, ẹ lè gba ohùn láàárín òru láìsí iná NEPA, láìsí jẹnẹrétọ̀, láìsí kọ̀ǹpútà nínú yàrá. Máìkì inú DR-05X fúnra rẹ̀ kò dákẹ́ tó fún ìró tó kéré jù, ṣùgbọ́n ó tó láti fi kọ́ iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ iná kan gbogbo ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Inverter olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ kò tẹ̀ bí ìgbì gidi máa ń ti ìró hùùùn wọnú ohùn nípasẹ̀ ṣájà. Ẹ yọ ṣájà kọ̀ǹpútà kúrò lára iná nígbà tí ẹ bá ń gba ohùn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìró náà yóò lọ lójú ẹsẹ̀.

Fún àwọn tó ń fi iṣẹ́ hàn lójú ẹsẹ̀

OBS Studio, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìfihàn ojú-ẹsẹ̀, jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì tó. Ẹ pa noise suppression àti noise gate rẹ̀, àwọn tó ń gé ariwo, nítorí wọn kò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín ariwo fáànù àti ìró òòyà nínú irun. Méjèèjì ni wọn yóò gé dànù. Ẹ wò ó dájú pé a kò yan mono fún máìkì yín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, etí méjì tí ẹ rà yóò di ọ̀kan kí ó tó dé ọ̀dọ̀ olùgbọ́. Ẹ má jẹ́ kí ohùn lọ sílẹ̀ ju 160 kbps (ìwọ̀n dátà ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan) lọ. Ẹ fi fóònù tí ẹ ti pa ìró rẹ̀ ka ọ̀rọ̀ àwọn olùgbọ́ dípò kíbọ́ọ̀dù. Hẹ́dífóònù tó bo etí pátápátá, bíi Sony MDR-7506, ni kí ẹ máa fi gbọ́ ara yín, kí ohùn má baà jò padà sínú máìkì.

Bí ẹ bá ń ra àlòkù

Ẹ mú hẹ́dífóònù tiyín lọ. Ẹ ní kí olùtajà so máìkì mọ́ ẹ̀rọ, ẹ gbé agbára rẹ̀ sókè, kí gbogbo ènìyàn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì gba ìdákẹ́jẹ́ náà sílẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ìró tó ń ta pàpà tàbí tó ń lọ tó ń bọ̀, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rinrin ti wọ inú máìkì náà, ẹ má rà á. Bí ó bá jẹ́ 3Dio, ẹ fi ìka ha etí ọ̀tún, lẹ́yìn náà etí òsì, kí ẹ mọ̀ pé méjèèjì dọ́gba, kí ẹ sì ṣí ibi tí bátìrì 9V ń gbé wò bóyá ó ti dípẹtà.